Ẹrù ilé láti Abẹ́òkúta dé Gwagwalada lówó pọ́ọ́kú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọbantoko ni mò ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún méje. Ọkọ mi rí iṣẹ́ sí Gwagwalada ní agbègbè Àbújá, ó ti lọ ṣáájú, ó sì ti gba ilé oníyàrá méjì síbẹ̀. A fẹ́ kó lọ bá a nínú oṣù Kẹjọ kí iléèwé tó wọlé. Mo pe àwọn tó ń báni kó ẹrù, iye tí wọ́n pè ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Kí ni kí n gbé, kí ni kí n fi sílẹ̀? A ní fíríìjì ńlá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, wọ́dúróòbù, jẹnẹrétọ̀ kékeré, ìwé ọkọ mi tó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àti odó ìyá ìyá mi. Ìyá Ìbejì, Ọbantoko."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ọ̀nà mìíràn wà dáadáa. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń báni wá ọkọ̀ akẹ́rù ní ọjà Láfẹ́ńwá l'Abẹ́òkúta níbí kí n tó fa iṣẹ́ náà lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yín wá, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó má tíì béèrè èló. Kó kọ́kọ́ béèrè ọkọ̀ wo ló ń padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti Abẹ́òkúta dé Gwagwalada, tí èèyàn bá gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Kábà àti Lọ́kọ́já, ó wà láàárín kìlómítà 650 sí 700. Ká fi sí 690 kí ìṣirò lè rọrùn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà ní àárín méjì, tó gbé ẹrù, lítà díísù kan kì í gbé e ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ. Ìyẹn lítà 230. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦1,000 (ẹ fi iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ yẹn rọ́pò rẹ̀), ₦230,000 ti wọ inú táǹkì, ìyẹn àlọ nìkan. A ò tíì dé orí owó awakọ̀, owó ọmọ ọkọ̀, táyà, àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí òmíràn. Bó bá wá jẹ́ pé Abẹ́òkúta níbí ni ọkọ̀ náà ti wá, òfìfo ni yóò padà. Ọkọ̀ òfìfo kì í mu díísù tó ọkọ̀ ẹrù, àmọ́ ó ń mu. Ta ló fẹ́ san án? Ẹ̀yin náà ni. Àwọn tó pe owó gọbọi fún yín lè má ṣe yín níbi kankan, àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n kàn ń gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tó jẹ́ pé àlọ nìkan lẹ ní ẹrù sí.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ti òkè Ọya bọ̀ lọ́dọ̀ wa: àlùbọ́sà, tòmátì, iṣu, ẹ̀wà, màlúù. Òmíràn já a sí Láfẹ́ńwá, òmíràn sí Bódìjà n'Ìbàdàn, òmíràn sí Mile 12 l'Ékòó. Ẹni tó gbé àlùbọ́sà wá ti san owó tí ọkọ̀ yóò fi padà sílé mọ́ owó àlùbọ́sà rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá já ẹrù tán, tó jókòó sábẹ́ ọkọ̀ tó ń mu fùrá, kọ́bọ̀ yòówù tí ẹ bá fún un, èrè ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè gba ìdajì iye tí wọ́n pè fún yín, nígbà mìíràn kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ òkè Ọya ló ń kọjá Gwagwalada. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọkọ̀ tó wá láti Ṣókótó tàbí Kébbí, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Jẹ́bà ló sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá kó ẹrù sínú rẹ̀, yóò gbé yín lọ sí Mọ́kwá, yóò wá ní kí ẹ lọ wá ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, owó ìkẹ́rù lẹ́ẹ̀mejì sì nìyẹn. Èyí tí ẹ ń wá ni ọkọ̀ tó gba Lọ́kọ́já wá: ti Àbájì, ti Gwagwalada fúnra rẹ̀, ti Lafia, àti díẹ̀ nínú ti Kàdúná. Ẹ má bi awakọ̀ pé "Ṣé ẹ ń lọ sí Àbújá?" nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ. Ẹ bi í pé, "Ọ̀nà wo lẹ gbà wá?" kí ẹ sì jẹ́ kó ka orúkọ ìlú fún yín.

Báwo lẹ ó ṣe rí i? Ẹ lọ sí Láfẹ́ńwá fúnra yín, láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń já ẹrù lọ́wọ́. Ẹ má kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó jókòó sẹ́nu gáréèjì. Èmi tí mo ti jókòó níbẹ̀ rí ló ń sọ ọ́: owó tiwa wà lórí iye tí a bá pè. Àwọn alálùbọ́sà àti àwọn oníṣu ni kí ẹ lọ bá. Wọ́n mọ awakọ̀ tó ń gbé ọjà wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó máa ń pẹ́ lọ́nà, wọ́n mọ ẹni tó máa ń ta díísù inú táǹkì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé awakọ̀ tí alálùbọ́sà bá fà lé yín lọ́wọ́ kò jẹ́ gbé ẹrù yín sá lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò tún wá já àlùbọ́sà síwájú obìnrin yẹn. Oníbàárà rẹ̀ ti di onídùúró yín láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ra àlùbọ́sà díẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó la ẹnu o, ọjà ni.

Ká ní ọjọ́ iléèwé kò sí lọ́rùn yín ni, mi ò bá ní kí ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá. Àgbò ń bọ̀ nígbà náà bí omi, ọkọ̀ sì ń padà ní òfìfo lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó burú jù ni ìparí ọdún, tí gbogbo ayé ń lọ sílé. Oṣù Kẹjọ kò dára púpọ̀, kò sì burú, àfi ọ̀rọ̀ òjò.

Ọ̀rọ̀ òjò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo bá tíṣà kan wá ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́já lọ́dún kan. Màlúù ni ọkọ̀ náà gbé wá. Awakọ̀ ní òun ti fọ̀ ọ́, mo wo inú rẹ̀, ó mọ́ lóòótọ́. Tapólì wà níbẹ̀, wọ́n ká a síbì kan, mi ò ní kí wọ́n tú u. Òjò ká wọn mọ́ nítòsí Ìkàrẹ́. Ihò mẹ́ta ló wà lára tapólì yẹn, ọ̀kan fẹ̀ tó ẹnu ife, orí fóòmù ni omi sì ń dà sí ní tààrà. Nígbà tí wọ́n dé Lọ́kọ́já, ọkùnrin mẹ́ta ò lè gbé fóòmù sílẹ̀. Wọ́n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi lè jáde, omi tó jáde aláwọ̀ ewé ni, ó ń rùn bí ilé ẹran. Ẹ̀gbin tó ti wọ àárín pákó ọkọ̀, tí ọṣẹ ò kàn, ni òjò fọ̀ sínú fóòmù tíṣà. Èmi ni mo san owó fóòmù náà, ó sì tọ́ kí n san án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é báyìí: ọ̀sán gangan ni mo máa ń lọ wo ọkọ̀. Mo máa wọ inú rẹ̀, màá ní kí ọmọ ọkọ̀ ta tapólì bò mí lórí pátápátá. Màá wá gbójú sókè. Ibi tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni òjò yóò gbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tún rẹ imú sílẹ̀ lórí pákó: oorun àlùbọ́sà yóò lọ láàárín ọjọ́ méjì, ti màlúù àti ti ẹja kì í tètè lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ ra ọ̀rá nínípọn, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹrù yín tó wọlé.

Ẹ̀yin kò sì nílò odindi ọkọ̀. Ẹrù ilé kì í wúwo, ààyè ló ń jẹ. Ilé oníyàrá méjì tí wọ́n bá ti yọ ohun tí kò yẹ ní gbígbé kúrò nínú rẹ̀ kò lè kún ọkọ̀ akẹ́rù 911. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan lẹ fẹ́, kó wá ẹrù mìíràn sí iwájú. Bí ẹlòmíràn bá wà tó ń lọ sí Kúbwá tàbí Lúgbè, ẹ jọ dáwó. Kí ẹ sáà so àkísà aláwọ̀ kan mọ́ gbogbo ẹrù yín láìku ọ̀kan, pupa tàbí yẹ́lò, kí ẹnikẹ́ni má baà já ìkòkò yín sí Àbájì lóru. Ẹ sì jẹ́ kó yé e yékéyéké pé a kì í to àpò sìmẹ́ǹtì tàbí iṣu lé orí ẹrù ilé.

Ó ku ohun tí ẹ ó gbé. Owó mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún ohun ńlá kọ̀ọ̀kan: iye tí ẹ lè tà á ní Ọbantoko, iye tí ẹ lè ra irú rẹ̀ ní Gwagwalada, àti iye tí ààyè tí yóò jẹ nínú ọkọ̀ yóò ná yín. Bí ẹ bá fi owó tí ẹ tà á kún owó ààyè rẹ̀, tó sì tó iye tí ẹ ó fi ra òmíràn lọ́hùn-ún tàbí tó sún mọ́ ọn, ẹ tà á. Ọjà ńlá wà ní Gwagwalada, Kugbo sì wà ní Àbújá tó jẹ́ pé àga, bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ni iṣẹ́ wọn.

Wọ́dúróòbù yín, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá tó jọ igi bò lójú, ẹ má dà á láàmú. Bí ẹ bá ti tú ìdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní di ara rẹ̀ mú mọ́, kòtò àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ọ̀wọ̀ ni yóò parí iṣẹ́. Ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ gba ilé yín. Bẹ́ẹ̀dì onígi gidi, ẹ tú u, ẹ kó àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ lẹ ọ̀rá náà mọ́ ara igi. Fóòmù, ẹ gbé e. Òun ni yóò dúró gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì bí ìrọ̀rí.

Ìwé ọkọ yín ni yóò ṣe yín ní kàyéfì, nítorí ìwé wúwo ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Páálí kéékèèké ni kí ẹ kó wọn sí, irú ti indomie. Ẹni tó bá kó ìwé sínú àpò Ghana-must-go, ọwọ́ àpò ni yóò bá padà sílé. Bí ọkọ yín bá fẹ́ díẹ̀ nínú wọn kíákíá, ẹ fi wébìlì ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì láti gáréèjì Kútọ̀. Nípa ìyókù, ẹ bi í dáadáa. Ìwé ìdánwò tó ti jókòó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà ìyàwó, ṣé dandan ni kó rí Gwagwalada?

Jẹnẹrétọ̀, ẹ fa bẹntiróòlù rẹ̀ jáde, ẹ tan án títí tí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Sìlíńdà gáàsì, ẹ sè é tán kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ tì í pa, kó dúró lórí ìdí rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà. Mi ò gba ẹnikẹ́ni láyè kó gbé sìlíńdà tó kún sábẹ́ tapólì, bó ṣe wù kó bẹ̀ mí tó.

Ẹ má ra nǹkan ìdì kankan fún àwo. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta lẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò ní ìró àti ìpèlé tó pọ̀? Àdìrẹ Ìtòkú tí ẹ kó jọ yẹn, ẹ fi wé àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ to àwo ní ìdúró-ìdúró sínú agbada tàbí ìkòkò ńlá, ẹ má to wọ́n léra. Àwo tó dúró kì í fọ́ bí èyí tó sùn. Aṣọ yẹn, ẹ ṣáà fẹ́ gbé e tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹ́rù. Mo mọ àwọn òpópónà inú Ọbantoko yẹn lásìkò òjò, ọkọ̀ ńlá tó bá wọlé síbòmíràn níbẹ̀, kátápílà ni yóò fà á jáde. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú títì, kí ẹ fi Márúwá tàbí ọkọ̀ kékeré kó ẹrù jáde sí i. Ẹ kó páálí àti àpò jáde sẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ àná. Àwọn alábàárù, iṣẹ́ odindi ni kí ẹ bá wọn dúnàádúrà lé, ẹ má ṣe é ní páálí-páálí. Ẹ sọ fún baálé ilé àti alága ìdàgbàsókè àdúgbò lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí àwọn ọmọkùnrin tó máa ń yọ láti igun pé kí ẹ san owó ìkẹ́rù lè rí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀, síwájú nínú ààyè tiyín: fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, ìwé. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ lò ni kó wọlé kẹ́yìn: ìkòkò kan, sítóòfù, ẹní, aṣọ àwọn ìbejì, ìgbálẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yín, ìwé ilẹ̀, góòlù, oògùn àwọn ọmọ, ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ bá ẹrù rin o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹrù. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Làdérin. Ó dùn ún wọ̀, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò, àmọ́ Mọ́níyà n'Ìbàdàn ló parí sí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀sì níbẹ̀ pẹ̀lú ìbejì lọ́wọ́. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Àbújá láti ilẹ̀ wá.

Ìwé ẹrù: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, ẹ ka iye páálí, iye àpò, kí awakọ̀ fọwọ́ sí méjèèjì, kí ó mú ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ti ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú pé ẹ ń kó ilé lọ, àti nọ́ńbà fóònù ọkọ yín. Ọlọ́pàá tó bá dá a dúró ní ṣẹ́kì póíǹtì, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ẹrù náà kì í ṣe ẹrù olè. Awakọ̀ tí kò ní ìwé ni yóò pè yín lóru pé kí ẹ fowó ránṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé ìwakọ̀ rẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ẹ má san án tán. Ìdajì nígbà tí ẹrù bá wọ ọkọ̀ tán, ìdajì lọ́wọ́ ọkọ yín nígbà tí wọ́n bá kà á tán ní Gwagwalada. Ẹ jọ fẹnu kò sí i níwájú alálùbọ́sà pé táyà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ọlọ́pàá, tirẹ̀ ni. Àwọn ìyókù awakọ̀ á ní ìdajì kò tó díísù. Èyí tó ń padà sílé, ó ti ní owó díísù lọ́wọ́ kí ẹ tó dé.

Kó gbéra láàárọ̀ kùtù, kó sùn ní Àkúrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀, kó sì wọ ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́já nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ọ̀nà yẹn kò ṣe é rìn lóru láyé òde òní. Bó bá pè yín láti Ọ̀wọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé òun fẹ́ sùn, ẹ má kùn sí i, ẹ kí i, kí ẹ ní kó jẹun.

Fíríìjì: ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti pa á, kí yìnyín inú rẹ̀ yọ́ tán, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kó pẹpẹ rẹ̀ jáde, kí ẹ fi okùn di ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ìdúró ni kó rin. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ, òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ṣàn wọ ọ̀nà gáàsì. Bó bá dé, tí ọkọ yín bá sì fura pé wọ́n tẹ́ ẹ lọ́nà, kó gbé e dúró títí di ọjọ́ kejì kó tó kì í bọ iná.

Odó ìyá ìyá yín, kò bá ìṣirò owó mẹ́ta yẹn mu rárá, ó wúwo, ó sì ń jẹ ààyè, ẹ sì lè rí odó rà nílẹ̀ Gbagyi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ gbé e. Ẹ kó ṣíbí, ọ̀bẹ àti ìpọnbẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ fi àkísà dí i lẹ́nu, kí ẹ tì í mọ́ ìdí fíríìjì kí fíríìjì má baà yẹ̀. Ọmọ odó rẹ̀, ẹ dì í mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì, nítorí òun gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.